Ọdẹ́táyọ̀ Alákòóso Ìmòòkùn Nínú Ọkọ̀ Má-Kánjú-Ayé

Ẹni tó bá ní omi lẹ́nu kó gbé e mì, ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kó bó o tán, nítorí ìtàn tí mo gbé bọ̀ yìí kò fẹ́ kí nǹkan máa ró kẹ́kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìtàn ọdẹ ni. Ẹ sì mọ ọdẹ. Bí ó bá pa ehoro, ehoro náà á ti di àgbọ̀nrín kó tó délé. Bí ó bá pa àgbọ̀nrín, á ti di erin kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n mi ò fi iyọ̀ sí tèmi. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ tí ó dùn jù, ibẹ̀ gan-an ni òótọ́ rẹ̀ wà.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìgbóẹfọ̀n tí ń jẹ́ Ọdẹ́táyọ̀. Ogójì ọdún ni ó fi dẹ igbó láìsinmi ọjọ́ kan. Igbó tí àwọn ọdẹ yòókù ń pè ní Má-Wọ̀-Ọ́, bí yàrá àlejò ni ó rí lójú tirẹ̀. Ó ti pàdé iwin olórí mẹ́rin níbẹ̀ rí, ó fún orí kọ̀ọ̀kan ní ìgbátí, ó sì tún fún orí àkọ́kọ́ ní ọ̀kan sí i, ó ní ènì ni. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń ba ọkùnrin yìí lẹ́rù láyé: omi tó bá ti kọjá orúnkún. Àjíún aya rẹ̀ nìkan ló mọ̀, àti ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún yìí.

Ọmọ apẹja ni Àjíún, etí ọ̀sà ni wọ́n ti bí i. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ fún un pé ọgbà kan wà nísàlẹ̀ òkun, ọgbà iyùn, níbi tí òdòdó ti ń ṣí tí ń pa bí ojú ọmọ tuntun, tí ẹja ibẹ̀ wọ àwọ̀ tí aláró kò tíì rí orúkọ fún. Nígbà tí Ọdẹ́táyọ̀ ń fẹ́ ẹ sọ́nà, ó lu àyà gbì, ó ní, "Àjíún, bí o bá lè fẹ́ mi, èmi àti ìwọ ni a ó jọ fojú rí ọgbà náà." Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé. Àjíún kò pariwo lé e lórí. Ohun tí ó kàn máa ń ṣe ni pé, ìgbàkúùgbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń fọ́nnu, yóò tún un ṣe. Bí Ọdẹ́táyọ̀ bá ní òun pa erin méjìlá lọ́jọ́ kan, Àjíún á dá a lóhùn láti ibi tí ó ti ń fẹ́ iná: "Méjì ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀kan sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀."

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan. Ọdẹ́táyọ̀ wà láàárín Má-Wọ̀-Ọ́ nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń ká aṣọ ìkélé. Nǹkan funfun kan ń bọ̀, ó ga ju ìrókò, ó ń wọ́ lọ lórí ewé tútù. Ọdẹ ní, "Ìyá gbogbo erin rèé." Ó pa èémí mọ́, nítorí ọdẹ kì í mí bí ó bá ti ń wo ojú ẹran, èémí ni olófòófó tí í ta ọdẹ fún ẹran. Ó fa ìbọn. Ó dún gbòlà. Dípò kí ó gbọ́ igbe erin, fèrè ni ó gbọ́, ohùn kan sì tẹ̀ lé e láti òkè:

"Ta ló yìnbọn sí ilé ìdáná wa?"

Àṣé ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ afẹ́ tí ń kó ènìyàn àti iwin kiri fún ìsinmi, tí ó máa ń gba orí omi lọ, tí ó sì máa ń gba orí igbó kọjá bí ó bá fẹ́ gé ọ̀nà kúrú. Àjà mẹ́tàdínlógún ni ó ní. Àwọn èrò inú rẹ̀ wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n mú àgbọn tútù lọ́wọ́, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo ọdẹ bí ẹni ń wo ọ̀bọ lórí igi.

Ọ̀gá ọkọ̀ yọ sí i. Obìnrin ni, ẹnu mẹ́ta ló ní. Èyí àkọ́kọ́ ń kí àlejò, èyí kejì ń ka òfin, èyí kẹta ń jẹun. A kò sì rí ọjọ́ tí ó jẹ yó.

Ẹnu àkọ́kọ́ ní, "Ẹ káàbọ̀ sínú ọkọ̀ Má-Kánjú-Ayé, níbi tí ìsinmi gan-an ti ń sinmi."

Ẹnu kejì ní, "Ìwọ ọdẹ yìí, o dá ìkòkò ọbẹ̀ wa lu. Ìjìyà rẹ ni pé wàá ṣe alákòóso ìmòòkùn fún wa ní odidi ìrìn-àjò kan. Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti lọ fẹ́ ẹja, kò padà wá mọ́."

Ẹnu kẹta ń jẹ ẹran lọ ní tirẹ̀.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni Ọdẹ́táyọ̀ béèrè.

"Àwọn èrò wa fẹ́ràn láti wo ìsàlẹ̀ òkun. Sílíńdà afẹ́fẹ́ ni a ń gbé pọ̀n wọ́n, a ń fi awò bò wọ́n lójú, a ń wọ bàtà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sí wọn lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti kọ orúkọ wọn, kí o so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, kí o wá ibi tí wọ́n máa wọ̀, kí o sì kó wọn padà láìdín."

Ọdẹ́táyọ̀ lu àyà. "Iṣẹ́ ọmọdé nìyẹn. Èmi tí mo ti mòòkùn nínú odò méje, tí ọ̀nì ń dìde fún mi ní àga." Ẹ má wo ojú mi. Kò sí Àjíún nítòsí láti tún un ṣe ni. "Ṣùgbọ́n mo ní aya o."

"Kó máa bọ̀," ni ẹnu àkọ́kọ́ wí, "àyè gbà á."

Wọ́n ya Ìgbóẹfọ̀n láti gbé e. Kí ọdẹ tó parí àlàyé, ẹrù ti wà lórí Àjíún. Báyìí ni ọkọ wọ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́wọ̀n, tí aya wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Lọ́jọ́ kejì, Àjíún ti ń na ẹsẹ̀ lórí àga gígùn, wọ́n ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì jókòó nídìí tábìlì kékeré, ó ń kọ orúkọ.

Ẹnu kejì ti ka òfin fún un dáadáa. Ẹnìkan kì í dá wọ omi, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì. Bí ènìyàn bá ti wà nísàlẹ̀, kó máa mí, kó má ṣe pa èémí mọ́ rárá, nítorí ẹni tó bá di èémí mú tí ó sì ń gòkè, àyà rẹ̀ á wú bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́. Bí wọ́n bá sì ń bọ̀ lókè, kí wọ́n rọra, kí wọ́n rọ̀ mọ́ okùn lágbedeméjì kí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ fara balẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó bí ẹmu òwúrọ̀.

"Èyí tó kù ni kó o fi sí ọkàn jù," ni ẹnu kejì wí. "Bí ẹ bá bá ọkọ̀ kékeré tiwa lọ, a ó dúró dè yín. Bí ẹ bá lọ fúnra yín wá ọkọ̀ ní ìlú onílùú, fèrè kẹta, a ti lọ, ìbáà ṣe ìyá tó bí mi ló kù sẹ́yìn."

Ní èbúté àkọ́kọ́, ọkọ̀ kékeré tiwọn ni Ọdẹ́táyọ̀ fi kó èrò lọ. Ọgọ́ta ènìyàn ni wọ́n dà sínú ihò omi kan ṣoṣo, yanrìn sì dìde bò wọ́n. Ọdẹ́táyọ̀ dúró sínú ọkọ̀, ó ní ta ni yóò máa ṣọ́ bàtà. Nígbà tí Àjíún jáde, ọkọ rẹ̀ bi í pé:

"Kí lo rí?"

"Ìdí Alàgbà Kúforíjì."

"Kí lo tún rí?"

"Wọ́n yí padà, mo rí ikùn wọn."

Alàgbà Kúforíjì yìí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ó sanra, ó sì níwà. Kò bínú. Ó ní òun náà ò rí ju ìdí ẹni tó wà níwájú òun lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Àjíún lọ dúró nídìí tábìlì ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ọ̀nàolápọ̀, mo bi àwọn tó ń wakọ̀ yìí léèrè. Ọ̀la la máa dé Ìlú Adáhùn. Ìsàlẹ̀ òkun ibẹ̀ ni ọgbà tí ìyá mi sọ wà."

"A ó wò ó."

"Ìrìn-àjò tí ọkọ̀ yìí ṣètò síbẹ̀, láti lọ ra fìlà koríko ni. Wọn kì í dé ọgbà."

Ọdẹ́táyọ̀ yí bírò lọ́wọ́. Ó ní, "Fìlà koríko náà dára."

"Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin tí ẹ ń sọ pé ẹ jẹ́, ẹ wá ọkọ̀ tiwa."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọdẹ lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n dé Ìlú Adáhùn, ìdajì ọjọ́ péré ni ọkọ̀ ńlá máa lò níbẹ̀. Ọdẹ́táyọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá iwin kan létí omi tó ní ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ọmọ-Ìgbì ni orúkọ iwin náà. Irun rẹ̀ jẹ́ koríko inú òkun, akàn kékeré kan sì ń gbé inú irun ọ̀hún, tí í yọ ojú wo ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń bá sọ̀rọ̀. Ní ìlú yẹn, wọn kì í náwó. Ìdáhùn ni wọ́n fi ń rajà.

"Ẹ gbọ́ o, bàbá ọdẹ," ni Ọmọ-Ìgbì wí. "Mo gbà á, mo dá a padà lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá ṣahun tí mo fi í pamọ́, á pa mí. Kí ni?"

"Ọmọ ọlọ́mọ ni."

Akàn yọjú, ó mi orí pé rárá.

"Ìyàwó ẹlòmíì ni nígbà yẹn."

Akàn padà wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. Àjíún tó dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀, irú èyí tí aya máa ń mí bí ọkọ bá ń dójú tì í láwùjọ. Ọdẹ́táyọ̀ rí bí èjìká rẹ̀ ṣe lọ sókè tí ó bọ̀ nílẹ̀.

"Èémí," ni ó wí. Ó sì yíjú sí àwọn èrò tó tẹ̀ lé wọn. "Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mo kàn ń fi iwin ṣeré ni."

"Èmi ni mo mí o," ni Àjíún wí.

Èrò méje ni wọ́n kó, Àjíún ni ìkẹjọ. Gbogbo wọn mú káàdì tó fi hàn pé wọ́n ti kọ́ ìmòòkùn wá. Àjíún náà ti kọ́ tirẹ̀ nínú adágún orí ọkọ̀ ńlá, lọ́wọ́ iwin kan tí kò yéé yìn ín. Ọdẹ́táyọ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀fìnkìn, nítorí etí á pa ẹni tó bá gbé ọ̀fìnkìn wọ omi. Gbogbo wọn dákẹ́. Alàgbà Kúforíjì náà dákẹ́, ó dákẹ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó sì sín lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Ó di ẹni tí yóò jókòó ti ọdẹ nínú ọkọ̀.

Báyìí, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbọ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Alákòóso ìmòòkùn gbọ́dọ̀ mọ iye tó wọ omi àti iye tó jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbóẹfọ̀n ni Ọdẹ́táyọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó ní òun kò ní na ìka sí ènìyàn kí òun máa wí pé ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta bí ẹni ń ka iṣu. Bàtà ni ó máa ń kà. Bí ènìyàn bá fẹ́ wọ omi, á bọ́ bàtà sílẹ̀. Bí ó bá jáde, á wọ̀ ọ́. Bí bàtà bá tán nílẹ̀, ènìyàn pé. Ọgbọ́n ńlá ni, kò tíì já a kulẹ̀ rí. Ohun tí ó gbàgbé ni pé ọmọ apẹja kì í wọ bàtà wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, èèwọ̀ ilé wọn ni. Ẹsẹ̀ lásán ni Àjíún fi wọlé.

Wọ́n dé ojú ibi tí ọgbà wà. Ọdẹ́táyọ̀ so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, ó wá ku Àjíún.

"Ta ni ẹnìkejì mi?"

"Èmi ni. Máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo fẹ́ kọ́kọ́ wo ojú ọjọ́ ná."

Ojú ọjọ́ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àjíún wo ojú ọjọ́, ó wo ọkọ rẹ̀, ó fa awò bojú, ó sì fi ẹ̀yìn ṣubú sómi.

Nígbà tí ó ṣe, orí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n gòkè wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wọ bàtà. Bàtà tán nílẹ̀. Ẹni tó gòkè kẹ́yìn kò bọ́ awò, ó fa ìró tí Àjíún bọ́ sílẹ̀ bo ara, ó jókòó sí àyè Àjíún. Ọmọ-Ìgbì tu ọkọ̀ padà. Ọdẹ́táyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

"Mo ti ń bọ̀ nísàlẹ̀ yẹn o, Ìyá Ọ̀nàolápọ̀, àfi bí mo ṣe rí ìkùukùu kan."

Obìnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Inú ọdẹ dùn. Ó sọ ọ́ sí Alàgbà Kúforíjì létí: "Ẹ wo bí omi iyọ̀ ṣe tún ìwà ìyàwó mi ṣe." Ó wá jókòó dáadáa. "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ọjọ́ tí mo pa erin méjìlá." Ó dákẹ́ díẹ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára láti dákẹ́ níbẹ̀ kí àtúnṣe lè ráyè wọlé. Kò sí àtúnṣe. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Obìnrin náà ń mi orí.

"Méjìlélógún ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Obìnrin náà mi orí.

"Ogójì. Ọwọ́ lásán ni mo sì fi pa wọ́n."

Ó tún mi orí. Ọdẹ sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ bọ́ awò náà kúrò. Ojú roboto méjì tí kì í ṣẹ́ ni ó bá níbẹ̀, ìpẹ́ sì ń dán ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

"Ẹ kú ọ̀sán o," ni àlejò náà wí. "Yèyé Ìpẹ́ ni wọ́n ń pè mí."

"Ìyàwó mi dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀. Mo ní mo fẹ́ wo òkè díẹ̀, ó yá mi ní awò rẹ̀, ó ní kí n wá jókòó sí àyè òun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, bàbá, omi, omi, omi. Èmi náà fẹ́ sinmi."

"Kí ló ní òun ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ní ẹnìkejì òun ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ń dúró dè é."

Wọ́n ti dé èbúté nígbà náà. Fèrè àkọ́kọ́ dún láti inú Má-Kánjú-Ayé. Àwọn èrò bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń sáré. Alàgbà Kúforíjì fa ọdẹ lápá.

"Ọdẹ, ọkọ̀ yẹn kì í dúró. Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ ọ̀gá ọkọ̀."

"Ẹnu wo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa bẹ̀?"

Alàgbà rò ó. Ó ní, "Òótọ́ ni."

Ọdẹ́táyọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan sí èbúté, ẹsẹ̀ kejì wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Omi ń ti ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọdẹ ń yà. Níwájú rẹ̀ ni ọkọ̀ tó máa gbé e délé, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkun tó ti ń sá fún láti ọjọ́ tó ti gbọ́n. Ẹsẹ̀ yà títí ṣòkòtò fi dún fàà nídìí. Ó gbé ẹsẹ̀ èbúté kúrò, ó kó o sínú ọkọ̀.

"Ọmọ-Ìgbì, tu ọkọ̀," ni ó wí. "Yèyé Ìpẹ́, ẹ̀yin ni ẹnìkejì mi. Ẹ bá mi di sílíńdà yìí."

Ó ṣubú sómi bí àpò iṣu. Bí omi ṣe bò ó lórí, gbogbo ọ̀rọ̀ ńlá tó ti sọ láyé jáde lára rẹ̀, ó sì di èémí mú bí ẹni di ẹ̀ka igi mú. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ó fò sókè, tí ó ń léfòó bí igbá.

"Ẹ mí, bàbá," ni Yèyé Ìpẹ́ wí, ó fà á sísàlẹ̀.

Ó mí. Ó tún mí. Afẹ́fẹ́ ń wọlé láti inú sílíńdà, hòó hòó, ìfófó omi, ń jáde. Ó wo ọ̀tún, ó rí pé òun kò kú. Ó wo òsì, ẹja kan tó tó ewúrẹ́ ń kọjá. Ọdẹ ni ọdẹ ń jẹ́. Bí ó ṣe rí ẹran, ó pa èémí mọ́, igbá léfòó. Yèyé Ìpẹ́ tún fà á wálẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹja mẹ́rin, títí obìnrin náà fi ní òun kò mọ̀ pé ìsinmi le tó báyìí.

Wọ́n wá dé ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ẹranko kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó tóbi bí òkìtì, ọwọ́ mẹ́rìndínlógún ló ní, ó sì na gbogbo wọn dí ọ̀nà. Ọdẹ́táyọ̀ yọ àdá. Ó tẹjú mọ́ ọn. Àyà rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kúrò nílẹ̀. Láti òkè lọ́hùn-ún ni fèrè kejì ti dún, ó dún bí ẹni ń peni láti inú kànga.

Ogójì ọdún ni ẹran kò gbọ́ èémí ọkùnrin yìí rí. Ó wo ẹranko náà lójú, ó sì tú gbogbo rẹ̀ jáde. Hòó hòó funfun yọ, ó ń yí gbìrìgbìrì lọ, ó wọ abíyá ẹranko náà, abíyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹranko náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yí gbiri kúrò lójú ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ mẹ́jọ di ikùn mú, ó ń fi mẹ́jọ yòókù bẹ̀bẹ̀ pé ó tó.

Wọ́n wọlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò rọrùn láti sọ. Iyùn pupa so bí igi, iyùn mìíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin inú ẹyin adìyẹ. Àwọn ẹṣin òkun kéékèèké ń rìn lóòró bí ìjòyè. Òdòdó ń ṣí, ó ń pa. Nínú ọgbà yẹn, ẹni tó bá ti ń mí dáadáa lè sọ̀rọ̀, wọn á sì gbọ́ ọ. Àárín rẹ̀ gan-an ni Àjíún jókòó sí lórí òkúta, ẹja àgbà mẹ́ta ló yí i ká, ó ń sọ̀tàn fún wọn.

"Ọkọ mi ńkọ́?" ni ó ń wí. "Erin ogún ni ó pa lọ́jọ́ kan. Ibi tí ọ̀kan ṣubú sí di odò."

Àwọn ẹja ya ẹnu sílẹ̀.

Ọdẹ́táyọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Méjì ni," ni ó wí. "Ọ̀kan sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀."

Àjíún yíjú padà. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bàtà pẹ́pẹ́yẹ, ṣòkòtò tó ya, gbogbo rẹ̀.

"Ẹ pẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Mo ní mo mọ̀."

"Bí mo bá gòkè wá bẹ̀ yín, ṣé ẹ máa wá?"

"N kì bá tí wá."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó síhìn-ín," ni Àjíún wí. Ó sún díẹ̀ lórí òkúta. Ọkọ rẹ̀ jókòó. Ẹja kan tó ní ilà méje kọjá níwájú wọn, ó dúró, ó tún padà kọjá bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Nígbà tí aago afẹ́fẹ́ fi hàn pé ó tó àkókò, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n dé agbedeméjì, wọ́n rọ̀ mọ́ okùn Ọmọ-Ìgbì kí ẹ̀jẹ̀ fara balẹ̀. Ibẹ̀ ni fèrè kẹta ti bá wọn. Àjíún gbọ́ ọ, ó gbọn ara, ó fẹ́ já sókè. Ọkọ rẹ̀, ẹni tí kò lè wọ omi tó kọjá orúnkún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, ó mi orí pé rárá. Ó tọ́ka sí okùn, ó tọ́ka sí àyà ara rẹ̀ tó ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Wọ́n rọ̀ mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bí ẹ̀rọ Má-Kánjú-Ayé ṣe ń dún, tí ó ń jìnnà, tí ó ń jìnnà, títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe èémí wọn méjèèjì.

Nígbà tí orí wọn yọ, ọkọ̀ ńlá ti kéré bí lékeléke ní ìpẹ̀kun òkun. Ọmọ-Ìgbì nìkan ló jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rẹ̀.

"O dúró," ni Ọdẹ́táyọ̀ wí.

"Mi ò ní fèrè," ni Ọmọ-Ìgbì dá a lóhùn.

Àjíún ń fún omi lára aṣọ rẹ̀. "Ẹrù wa wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ilé wa sì jìnnà. Báwo la ṣe máa délé?"

Ìgbà yẹn ni Yèyé Ìpẹ́ yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, orí mìíràn yọ lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún yọ, títí wọ́n fi di méjìdínlógún. Àgbà inú òkun ni gbogbo wọn.

"Bàbá," ni Yèyé Ìpẹ́ wí, "mo ti ròyìn èbúté fún wọn. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ lọ sinmi, inú igbó ló wù wọ́n. Àwa ò mọ ọ̀nà, a ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣé ẹ mọ alákòóso kankan?"

Ọdẹ́táyọ̀ wo aya rẹ̀. Àjíún ní, "Ó mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀."

Ó dìde dúró, ó so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì. Ó bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀fìnkìn. Wọ́n ní inú omi kẹ̀, gbogbo àwọn ló ní in. Ó wá ìkòkò ìgò méjìdínlógún ní Ìlú Adáhùn, ó fi omi iyọ̀ kún wọn, ó fi dé àlejò lórí kí wọ́n lè máa mí bí wọ́n bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Ó kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré, kí omi má baà dà nù. Alábahun òkun kan tó tó àgbàlá gbé gbogbo wọn, ó gba òkun, ó gba ọ̀sà, ó gba odò, ọjọ́ kẹta ni wọ́n gúnlẹ̀ sẹ́yìn Ìgbóẹfọ̀n. Àwọn ará ìlú rí ọdẹ tí ó ń bọ̀ níwájú àwọn olórí ìgò, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ dé ìlú kejì. Wọ́n padà wá nígbà tó yá.

Ọdẹ́táyọ̀ kó àlejò wọ Má-Wọ̀-Ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti múra láti fi igi ìrókò hàn wọ́n, àti ibi tó ti bá olórí mẹ́rin jà. Wọn kò dé ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọ igbó, wọ́n bá agbo awó kan, ẹyẹ ẹtù, nínú oòrùn tí ń fi eruku wẹ̀, tí ń gbọn ìyẹ́, tí eruku ń fò bí wúrà. Àwọn ará òkun dúró. Wọ́n jókòó sílẹ̀ méjì méjì gẹ́gẹ́ bí ó ti so wọ́n pọ̀. Ẹnìkan ń sunkún, omijé rẹ̀ ń kún omi orí rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń pe nǹkan yẹn?" ni àgbà jùlọ nínú wọn béèrè.

"Awó ni."

"Rárá. Èyí tó ń fò yẹn."

"Eruku ni."

"Eruku," ni àgbà náà wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó wò ó títí. "Ṣé ẹ máa ń wá wò ó lójoojúmọ́?"

Ọdẹ́táyọ̀ wo Àjíún. Àjíún kò fẹ́ tún nǹkan kan ṣe. Ọdẹ gbé ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó jókòó ti aya rẹ̀ nílẹ̀.

"Òní ni mo bẹ̀rẹ̀," ni ó wí.

Ibi tí wọ́n jókòó sí yẹn ni mo ti fi wọ́n sílẹ̀ wá bá yín. Ẹni tó bá fẹ́ já mi nírọ́, kó lọ bi awó.